Èmi àti màámi ní ọjà Kérésìmesì Nuremberg

Ọdún 2014 ni mo kọ́kọ́ dé ọjà Kérésìmesì tí wọ́n ń ná ní Nuremberg, ní Jámánì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó lọ́wọ́ ni mí nígbà náà, Erlangen tó wà nítòsí ibẹ̀ ni mo ti ń kàwé. Wáìnì gbígbóná ẹyọ kan ni agbára mi ká. Mo mu ún tán, mo gbé ife sílẹ̀ lórí tábìlì, mo bá tèmi lọ. Mi ò mọ̀ pé owó ife wà nínú owó tí mo san, bí ìgbà téèyàn bá fi owó ìgò sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlẹ́rìndòdò nílé. Ó ṣì ń dùn mí!

Lóṣù Kejìlá ọdún 2023, màámi wá kí mi láti Abẹ́òkúta, mo ní a ó jọ lọ. Wọ́n ró ìró lé ṣòkòtò òtútù, wọ́n wọ kóòtù sí i, wọ́n sì we gèlè. Àwọn ará ibẹ̀ ń wò wá, àwa náà ń wò wọ́n.

Ìsọ̀ onípákó kún Hauptmarkt, gbàgede ọjà tó wà láàárín ìlú náà, fọ́fọ́, aṣọ onílà pupa àti funfun ni wọ́n fi bo orí wọn. Ara àpótí pákó kan ni wọ́n ti rí ẹ̀rí tó pẹ́ jù nípa ọjà náà, ti ọdún 1628. Màámi kò bá ti ọdún lọ, imú ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Nídìí Lebkuchen, àkàrà òyìnbó tí ìlú yẹn fi lókìkí, wọ́n bù ú jẹ, wọ́n dijú: "Kànáfùrù nìyí o!" Soséèjì tín-ín-rín mẹ́ta tí wọ́n ń kì sínú búrẹ́dì kan kò wú wọn lórí.

Nígbà tó di aago méjìlá ọ̀sán, ère méje jáde lára aago ìjọ Frauenkirche, wọ́n yí ọba po lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ṣàlàyé pé Karl Kẹrin, ọba ilẹ̀ Jámánì láyé àtijọ́, ni ọba yẹn, pé afọbajẹ ni àwọn méje. Màámi ní, "Afọbajẹ wo ni kì í dọ̀bálẹ̀? Àjọkẹ́, ẹ̀kọ́ ilé kù díẹ̀ níbẹ̀."

Wọ́n wá fẹ́ wọlé lọ gbàdúrà. Ibẹ̀ ni mo ti là á sọ. Mi ò mọ̀ nígbà àkọ́kọ́: sínágọ́gù ló wà lórí ilẹ̀ ìjọ yẹn tẹ́lẹ̀, ilé àwọn Júù ló wà níbi tí ọjà wà. Karl yìí kan náà ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wó wọn. Lọ́jọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1349, wọ́n pa Júù tó lé ní 500 nílùú náà.

Màámi wo ilẹ̀ tí a dúró sí. "Ọjà ni wọ́n wá ń ná lórí ẹ̀?" A kò wọlé mọ́. Ìta ni wọ́n ti gbàdúrà, ó pẹ́, wọn kò sì sọ fún mi ohun tí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún.

Kí a tó lọ, mo ra ohun mímu gbígbóná tí kò lọ́tí nínú fún wọn. Mo fẹ́ dá ife padà kí n gbowó mi lọ́tẹ̀ yìí, màámi kò jù ú sílẹ̀. Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní Abẹ́òkúta báyìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi mu tíì.