Kíndìnrín ajá ọdún 13 ti daṣẹ́ sílẹ̀: ká máa tọ́jú rẹ̀ lọ ni, àbí ká jẹ́ kó sinmi?

Àdùkẹ́Alájá

Ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Abo ajá wa ti pé ọmọ ọdún 13, kílò 18 ló wọ̀n. Ọjọ́ kẹrin rèé tó ti ń bì tí kò fẹnu kan oúnjẹ. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: creatinine (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín yẹ kó máa sẹ́ dànù) 5.6 mg/dL, phosphorus 9.1, potassium 4.9, PCV (ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀) 31. Ìwúwo ìtọ̀ 1.011. Dókítà ẹranko ní omi tó ti tán lára rẹ̀ tó ìdá 8 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀, pé ká fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn fún ọjọ́ 3 kí àwọn máa fa omi sí i lára, lẹ́yìn náà ká wá pinnu. Nílé, apá kan ní ìyà la fẹ́ fi jẹ arúgbó ajá, apá kejì ní bí a bá dáwọ́ dúró, àwa la pa á. Kí ni ọjọ́ 3 yẹn fẹ́ sọ fún wa gan-an? Kí sì ni àmì pé ó ti tó?

BàbáAṣègùnẸran

Ẹ má tíì fi 5.6 yẹn dá ẹjọ́ kankan. Lóòótọ́, ìlànà IRIS tí a fi ń pín àìsàn kíndìnrín ajá ní creatinine 2.9 sí 5.0 jẹ́ ìpele kẹta, èyí tó bá ré kọjá 5.0 sì bọ́ sí ìpele kẹrin tó kẹ́yìn. Àmọ́ àìsàn tó ti pẹ́ lára ni ìlànà yẹn wà fún, lára ajá tí omi ara rẹ̀ pé, tí àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀mejì sì sọ ohun kan náà. Tiyín gbẹ, ó sì ń bì. Apá kan nínú 5.6 yẹn lè jẹ́ ti gbígbẹ ara.

Ìwúwo ìtọ̀ ló ń kọ mí lóminú jù. Ajá tí ara rẹ̀ gbẹ ṣùgbọ́n tí kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáṣá, ìtọ̀ rẹ̀ máa ń ki, ó máa ń ré kọjá 1.030. 1.011 fi hàn pé kíndìnrín ò lè fa omi padà mọ́. Ohun tó kù ká mọ̀ ni bóyá òjijì ló dé, àbí ó ti ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Bó bá ti pẹ́, ajá á ti máa rù láti oṣù mélòó kan, á ti máa mu omi ju mílílítà 100 lọ fún kílò kan lójúmọ́ (lítà 1.8 nìyẹn fún tiyín), ẹ̀jẹ̀ á ti máa dín (PCV ajá tára rẹ̀ dá kì í sábà wà lábẹ́ 37), bí wọ́n bá sì fi scan wo ikùn, kíndìnrín á ti sún kì, ojú rẹ̀ á rí gbágungbàgun. Irú èyí kì í padà sípò, a kàn ń bá a rìn ni. Bó bá jẹ́ òjijì, kíndìnrín á tóbi bó ṣe yẹ tàbí kó wú. Àrùn leptospirosis tí ìtọ̀ eku ń gbé kiri lè fà á, ibuprofen tàbí diclofenac ti ènìyàn, èso àjàrà tútù tàbí gbígbẹ, tàbí kòkòrò tó gba inú àpò ìtọ̀ gòkè. Èyí lè yí padà. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ náà wò fún kòkòrò, kí ẹ sì máa wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá ń nù ún títí wọ́n á fi rí i dájú pé kì í ṣe leptospirosis, torí ó ń ran ènìyàn.

Ẹ béèrè sodium rẹ̀ náà. Ẹ fi potassium pín in: bí èsì rẹ̀ bá dín ní 27, kí wọ́n yẹ àìsàn Addison wò, ìyẹn àìtó hómónù láti inú ẹṣẹ́ adrenal tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíndìnrín. Ó jọ àìsàn kíndìnrín bí ìbejì, oògùn lásán ló sì ń mú irú ajá bẹ́ẹ̀ wà láàyè fún ọdún gbọọrọ. Ẹni tó bá fún un ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn láìbéèrè ti ṣe àṣìṣe tí kò látùn-únṣe.

Ní ti ọjọ́ 3: ìdá 8 nínú 100 lára kílò 18 jẹ́ lítà 1.44. Gbèsè nìyẹn, láàárín wákàtí 12 sí 24 la máa ń san án, yàtọ̀ sí omi oòjọ́ àti èyí tó ń bì dànù. Ẹ ní kí wọ́n máa wọn ìtọ̀ rẹ̀. Bí omi bá ti pé lára, ó yẹ kó tọ̀ tó mílílítà 18 sí 36 ní wákàtí kan. Bí kò bá tọ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì ń gòkè, omi yẹn ń wá ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóóró, fífa òmíràn sí i kì í ṣe ìtọ́jú mọ́. Kí wọ́n tún creatinine yẹ̀ wò ní wákàtí 48 àti 72. Bó bá já wálẹ̀ tí ajá sì ń wá oúnjẹ, àyè ṣì wà. Bí omi ti pé, tí ìtọ̀ ń jáde, síbẹ̀ tí nọ́ńbà dúró gbọn-in lókè 5 tí èébì ò sì dá, nínú àìsàn tó ti pẹ́, ọjọ́ kẹrin kò ní sọ ohun tí ọjọ́ kẹta ò sọ. Òjijì nìkan ni mo máa ń ní kí wọ́n fún ní ọjọ́ sí i, torí ó máa ń falẹ̀ kó tó yí padà.

Olùtọ́júArúgbóẸran

Mo fara mọ́ ti Bàbá. Èyí tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kí ẹ kọ àdéhùn yín sílẹ̀ lónìí, kó tó di pé ẹkún ló ń pinnu fún yín. Kí ọjọ́ àti nọ́ńbà wà nínú rẹ̀. "A ó máa wò ó bó ṣe ń lọ" kì í ṣe àdéhùn. Irú èyí ni: bí kò bá jẹ tó ìdajì oúnjẹ rẹ̀ fún ọjọ́ 2 léraléra pẹ̀lú oògùn èébì, a pe dókítà, bó bá tún ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2, a dá ìtọ́jú dúró, ká jẹ́ kó sinmi.

Dókítà ẹranko kan ní Amẹ́ríkà, Alice Villalobos, ṣe òṣùwọ̀n kan tí ọ̀pọ̀ ń lò. Ohun 7 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 0 sí 10: ìrora (èémí wà nínú rẹ̀), oúnjẹ, omi ara, ìmọ́tótó, ìdùnnú, rírìn, àti bóyá ọjọ́ rere pọ̀ ju ọjọ́ burúkú lọ. Bí àpapọ̀ bá ju 35 lọ, wọ́n ní ó ṣì ṣeé bá lọ. Ó dára, àmọ́ kí àpapọ̀ má tàn yín. Ajá tó mọ́ tónítóní tó ń rìn káàkiri lè gba 40 nígbà tí oúnjẹ rẹ̀ wà ní 0. Lójú tèmi, 0 lórí oúnjẹ, ìrora tàbí èémí fún ọjọ́ 2 ti tó, ẹ má wo àpapọ̀ mọ́. Kí ẹni 2 máa fún un ní máàkì, kí ẹnì kan má wo ti ẹnì kejì. Ẹni tó ń nu èébì rẹ̀ lójoojúmọ́ máa ń bu máàkì lé e láìmọ̀.

Ẹ má dúró de igbe o. Kíndìnrín kì í sábà mú ajá ké. Inú rírú ni ìyà rẹ̀: á máa lá ètè, itọ́ á máa dà, á rìn dé ìdí àwo, á gbóòórùn, á yí orí padà. Ìrora ni kí ẹ kà á sí.

Àdùkẹ́Alájá

Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ọjọ́ 3 ti pé. Sodium 147, ìyẹn 30 tí mo bá pín in. Scan fi hàn pé kíndìnrín méjèèjì kéré, ojú wọn ò dán. Kò sí kòkòrò nínú ìtọ̀. Creatinine ti já sí 3.9, phosphorus 6.8. Lánàá ó jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ rẹ̀. Wọ́n ní ká máa fa Ringer's lactate mílílítà 250 sí abẹ́ awọ rẹ̀ nílé, ká máa fo ọjọ́ kan. Báwo la ṣe máa ṣe é tí kò fi ní di ìyà?

Nọ́ọ̀sìẸran

Ẹ ka ara àpò omi náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó lò ó. Ringer's lactate tàbí normal saline ló ń wọ abẹ́ awọ. Ẹ má fi èyí tó ní dextrose (ṣúgà) 5% síbẹ̀ láé, ó máa ń ba awọ jẹ́. Ẹ ki àpò náà sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ sì kán díẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ yín. Bí kò bá tutù tí kò sì gbóná, ó ti tó. Abẹ́rẹ́ gauge 18 ni kí ẹ gbà. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré ni abẹ́rẹ́ ṣe ń nípọn. Gauge 22 tí àwọn ènìyàn ń yàn nítorí àánú ń mú kí iṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan pẹ́ títí, ó sì ń sú ajá. Abẹ́rẹ́ tuntun nígbàkúùgbà, torí ẹnu rẹ̀ ti kú lẹ́yìn ìlò kan.

Ẹ gbé àpò náà kọ́ tó mítà kan lókè ajá, kí ẹ jẹ́ kí omi lé afẹ́fẹ́ jáde nínú rọ́bà. Ẹ fa awọ àárín èjìká méjèèjì sókè bí àgọ́, kí ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ ẹsẹ̀ àgọ́ náà, kó dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀yìn ajá. Bí irun bá ń tutù, ó ti yọ ní òdìkejì. Bí omi ò bá sàn, ẹ yí abẹ́rẹ́ díẹ̀ ná kí ẹ tó fà á yọ, torí ẹnu rẹ̀ lè ti lẹ̀ mọ́ awọ. Mílílítà 125 síbẹ̀, 125 sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ẹ bá yọ ọ́ tán, ẹ fi ìka tẹ ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan.

Á wú bíi kókó, á sì lè rọ̀ wá sí ẹsẹ̀ iwájú. Ẹ má fòyà. Àmọ́ bí omi ìjẹta bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ má fi òmíràn lé e, ẹ pe dókítà. Bákan náà bó bá pọ́n tàbí tó gbóná. Ẹ máa ka èémí rẹ̀ nígbà tó bá sùn fọnfọn: bó bá ju 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kò sí omi lọ́jọ́ yẹn, ilé ìwòsàn ló kàn. Bó bá sì ń sá pamọ́ gbàrà tó bá ti rí àpò náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Òun náà ń fún yín ní máàkì.

BàbáAṣègùnẸran

3.9 dára ju bí mo ṣe rò lọ. Ìpele kẹta nìyẹn. Ẹ má tíì yí oúnjẹ rẹ̀ padà sí ti kíndìnrín lónìí tí inú ṣì ń rú u, ó máa kórìíra rẹ̀ títí ayé. Oògùn èébì ni kó ṣáájú (maropitant ni a sábà ń lò). Bó bá ti ń jẹun dáadáa, kí ẹ wá máa pò ó pọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ 7 sí 14. Nǹkan bíi kalorí 610 lòun nílò lójúmọ́: ẹ fi 30 sọ 18 di púpọ̀, kí ẹ fi 70 kún un. Ẹ má fi síríńjì ti oúnjẹ sí i lẹ́nu.

Inú oúnjẹ ni aluminium hydroxide ń lọ, torí phosphorus inú oúnjẹ ló ń dè mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá lò ó lórí inú òfìfo, ẹ fi ṣòfò. Ẹ jẹ́ ká wá phosphorus sí abẹ́ 5.0. Kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá ń dúró ní 160 sókè, ó lè fọ́ ọ lójú lójijì. Bó bá ń tiro, ẹ má fún un ní ibuprofen tàbí diclofenac.

Àyẹ̀wò mìíràn ní ọ̀sẹ̀ 2. Bí creatinine bá ré kọjá 5 nígbà tí omi ara rẹ̀ pé, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀ ló sábà máa ń kù. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú kó tún dá a padà sí ọjọ́ 3 mìíràn nígbà yẹn, àyàfi bí wọ́n bá rí ohun tuntun tó ṣeé wò.

Àdùkẹ́Alájá

Bó bá wá dé ibẹ̀ ńkọ́? Kí ni abẹ́rẹ́ ìkẹyìn ń ṣe sí i?

Nọ́ọ̀sìẸran

Abẹ́rẹ́ 2 ló yẹ kó jẹ́. Èkínní fún oorun, sínú iṣan ẹran. Ó lè gbà tó ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí oorun ò bá tíì wọ̀ ọ́ lára, ẹ sọ pé kí wọ́n dúró. Èkejì ni pentobarbital, sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Èémí á kọ́kọ́ dá, ọkàn á tẹ̀ lé e, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ní pa dé, ó lè tọ̀, ó sì lè mí gúlẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́yìn tí ọkàn ti dúró. Ara ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò mọ nǹkan kan mọ́. Kí dókítà gbọ́ àyà rẹ̀ dáadáa kó tó ní ó tán.

Oògùn yẹn ò kúrò nínú òkú, ẹran tó bá jẹ ẹ́ lè kú. Bí ẹ bá máa sin ín, kí kòtò jìn tó mítà kan. Kí ẹ sì sọ fún wọn ṣáájú pé kí wọ́n fi ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí ẹ lè ráyè dúró níbi orí rẹ̀.