Òkè Ìdànrè lọ́jọ́ kan ṣoṣo: ìgbà wo la ó lọ, kí la ó gbé dání?

Olórí_Ìrìn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ ìrìnsẹ̀ wa jẹ́ ènìyàn mẹ́jọ, Àkúrẹ́ la ti ń bọ̀. A fẹ́ gun Òkè Ìdànrè ní Sátidé kan, ká dé ìlú àtijọ́, ká sì padà lọ́jọ́ náà. Àwọn méjì nínú wa ti lé lọ́gọ́ta ọdún, orúnkún sì ń dun ọ̀kan nínú wọn. Oṣù wo ló dára? Aago mélòó? Omi tó kí ló máa tó ẹnì kọ̀ọ̀kan?

Ọmọ_Ùfẹ̀Òkè:
Ẹ lọ láàárín ìparí oṣù Kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Òjò á ti dáwọ́ dúró, òkúta á ti gbẹ, eruku ọyẹ́ kò sì ní tíì bo ojú ọ̀run. Lásìkò òjò, ọbẹ̀dò máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta. Àwọn ìlà dúdú tẹ́ ẹ máa rí lára rẹ̀, ipa omi ni. Bí wọ́n bá tutù, ẹ má tẹ̀ wọ́n, bàtà yòówù kẹ́ ẹ wọ̀.

Aago méje àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ti wà nísàlẹ̀. Àtẹ̀gùn 667 ni wọ́n máa ń kà, ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà. Ẹni tí orúnkún ń dùn ni kó ṣíwájú, kí gbogbo yín máa tẹ̀ lé ìṣísẹ̀ rẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá sáré lọ, wọ́n á jókòó de àgbà. Bí àgbà bá sì ti dé, wọ́n á dìde, ẹni tó nílò ìsinmi jù ni kò ní rí i. Ẹ fi wákàtí kan gùn ún. Ẹ fi bíi méjì sílẹ̀ fún òkè: ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, àti ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, níbi táwọn ènìyàn gbé títí di nǹkan bí 1923. Ẹ mú afinimọ̀nà, torí àwọn ojúbọ wà tí a kì í wọ̀ láìtọrọ àyè.

Nọ́ọ̀sì_Ìrìnsẹ̀:
Lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má mu ju ìdajì lọ kẹ́ ẹ tó dé òkè. Omi inú ọ̀rá máa ń bẹ́ nínú báàgì, ẹ dà á sínú ike. Ẹ po omi oníṣúgà àti iyọ̀ lítà kan sọ́tọ̀ fún ẹgbẹ́, bóyá ara ẹnì kan á gbẹ: ṣíbí kékeré ṣúgà mẹ́fà, ìdajì ṣíbí iyọ̀, kí orí ṣíbí rí pẹrẹsẹ. Bó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù, ó lè dá kún ìṣòro ẹni tí ara rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ fi mọ́ínmọ́ín sílẹ̀ nílé, ooru máa ń tètè bà á jẹ́. Ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti tó.

Ìsọ̀kalẹ̀ gan-an ló ń ṣe orúnkún léṣe, torí iṣan itan ló ń dá gbogbo ìwúwo ara dúró. Ọ̀pá kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń dùn tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ tó dáa wá kẹ́yìn. Bí ẹ bá ń gùn, ẹsẹ̀ tó dáa ló ń ṣíwájú. Ẹ so okùn bàtà le lọ́rùn ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀kalẹ̀, kí ọmọ ìka má baà máa gbá iwájú bàtà. Bí itan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ jókòó.

Àgbà_Òkè:
Ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ dára, àmọ́ ẹ dán orúnkún yẹn wò ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ wá ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní àtẹ̀gùn bíi méjìdínlógún, kí wọ́n gùn ún kí wọ́n sì sọ̀ nígbà mẹ́wàá. Bó bá ń dùn nígbà tí wọ́n ń sọ̀, kí wọ́n dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kan.

Bí ó bá jẹ́ oṣù Kẹta sí ìkẹrin lẹ fẹ́ lọ, ẹ mọ̀ pé ààrá wọ́pọ̀ lọ́sàn-án. Bí mànàmáná bá kọ tí ààrá sì sán kẹ́ ẹ tó ka ọgbọ̀n, ẹ kúrò lórí òkúta gbalaja, ẹ má sì fi ẹnu ihò àpáta tàbí ìdí igi tó dá dúró ṣe ààbò. Ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ààrá tó sán kẹ́yìn.

Nítorí Ọlọ́run, ẹ má fi ọṣẹ fọwọ́ níbi tí omi ti ń ṣàn wẹ́rẹ́ lórí òkúta. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà, Sclerophrys perreti, tí kò sí níbi tí a mọ̀ láyé àfi Ìdànrè, inú omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn sì làwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé.

Olórí_Ìrìn:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé ọ̀pá kan tó, àbí méjì?

Nọ́ọ̀sì_Ìrìnsẹ̀:
Ọ̀kan tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ní ọwọ́ òdìkejì orúnkún tó ń dùn. Ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta, kó mú méjì.