Sípíkà wo ni ó bá yàrá orin kékeré mu?

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìmọ̀ nípa ẹ̀rọ orin, ẹ jọ̀wọ́, ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Mo ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún orin nínú ilé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò ju mítà 4 sí 3 lọ, búlọ́ọ̀kù ni ògiri rẹ̀, táìsì ló sì wà nílẹ̀, nítorí náà ohùn máa ń ta padà níbẹ̀.

Sípíkà méjì ni ọkàn mi ń pín sí. Ọ̀kan ni KEF LS50 Meta, tí ó kéré. Èkejì ni Klipsch Heresy IV láti Amẹ́ríkà, tí ó ní wúfà (ẹnu sípíkà tí ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde) 12 ínṣì, tí a sì ń gbé kalẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí àwọn tí ó ṣe wọ́n kọ nípa bí ohùn wọn ṣe ń ròkè tó bí a bá fún wọn ní iná kan náà (dẹ́síbẹ́lì, dB, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n) ni pé LS50 jẹ́ 85 dB, tí Heresy sì jẹ́ 99 dB, èyí tí ó túmọ̀ sí pé LS50 yóò nílò agbára bí ìlọ́po 25 kí ohùn wọn tó dọ́gba. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an, nítorí iná ínfátà ni mo fi ń gbọ́ orin lálẹ́. (Ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn gbádùn orin.)

Dùndún àti àpàlà ni mo ń gbọ́ jù, mo sì fẹ́ kí ohùn ìyáàlù dún ketekete, kí n lè mọ ohun tí ó ń wí. Ǹjẹ́ Heresy kò ní pọ̀ jù fún irú yàrá yìí, kódà bí mo bá tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tí ó nípọn? Bí ó bá sì jẹ́ LS50 ni ẹ fara mọ́, áḿpù wọ́ọ̀tì mélòó ni yóò tó o?