Ìyàwó àgbẹ̀ tó gbé ọkọ kọ́ èjìká: ẹ wá sọ ìrírí yín lórí kíkọ́ ọmọdé ní ìwé ìtàn

Olùkọ́ Pírámárì 3, Ìbàdàn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Ilé ìwé ìjọba ni mo ti ń kọ́ni. Ọmọ méjìlélógójì ló wà ní kíláàsì mi, ìwé ìtàn tó wà nílẹ̀ kò sì ju mọ́kànlá lọ, nítorí náà ọmọ mẹ́rin mẹ́rin ló ń kórí jọ sórí ẹyọ kan. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí ọmọbìnrin kan dìde kó kà fún wa. Ohùn rẹ̀ já geere. Ó dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ìyàwó àgbẹ̀ gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó forí lé oko. Ọmọ yìí kò wo àmì orí ọ̀rọ̀, ó ní ìyàwó àgbẹ̀ gbé *ọkọ* kọ́ èjìká.

Mo dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó ń kà á lọ, àwọn yòókù ń fìka tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹyọ kan tó fojú inú rí obìnrin tó gbé ọkọ rẹ̀ kọ́ èjìká bí ẹni gbé àpò.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kọ́ni, ọ̀rọ̀ pípè lásán ni mo sì ń pè ní ìwé kíkà. Ìbéèrè àkàyé mi ò ju "Kí ni Adé rà lọ́jà?" lọ. Ọmọ á wá ibi tí wọ́n kọ "Adé ra" sí, á ka èyí tó tẹ̀lé e fún mi, máàkì ti bọ́ sí i lọ́wọ́ nìyẹn.

Mo gbé ìwé tì fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń pàlọ́. Mo pa èyí tí Yánníbo ń wá ọmọ, tí babaláwo se àsèjẹ fún un, tó sì kìlọ̀ fún Ìjàpá pé kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Nígbà tí mo dé ibi tí òórùn àsèjẹ ti ń ta sí Ìjàpá nímú lójú ọ̀nà, mo dákẹ́. Mo ní, "Kí lẹ rò pé ó máa ṣe?" Ariwo sọ: á jẹ ẹ́! Mo ní ta ló sọ fún yín? Ọmọkùnrin kan ní, "Àǹtí, ṣebí olójúkòkòrò ni tẹ́lẹ̀." Ìwà ẹni inú ìtàn ló fi mọ ohun tó ń bọ̀.

Ikùn Ìjàpá wú, ó sáré padà sọ́dọ̀ babaláwo, ó ní gbòǹgbò ló gbé òun ṣubú, ọbẹ̀ ta sí òun lọ́wọ́, òun sì ṣèèṣì fọwọ́ kan ẹnu. Mo bi wọ́n bóyá òótọ́ ló sọ. Kíláàsì pín sí méjì. Àwọn kan ní ó ṣubú, ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá wá dìde, ó ní, "Irọ́ ni, mà. Bó bá jẹ́ ọwọ́ nìkan ló fi kan ẹnu, ikùn rẹ̀ ò ní tóbi tó yẹn. Ojú ló ń tì í." Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Nígbà tí a padà sórí ìwé, mo ń ní kí wọ́n fọwọ́ bo ojú ewé kejì, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n rò pé ó ń bọ̀ àti ìdí rẹ̀. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà, Yorùbá la fi ń tú u palẹ̀. Kí ni ìrírí tiyín?

Ìyá ọmọ kan, London

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ní England níbí, láti 2012 ni wọ́n ti ń dán àwọn ọmọ Year 1 wò pẹ̀lú ogójì ọ̀rọ̀. Ogún nínú rẹ̀ kò nítumọ̀ kankan, wọ́n kàn hun lẹ́tà pọ̀ kí ọmọ lè pe ìró wọn ni. Ọmọ mi gba gbogbo ogójì, inú mi dùn. Àṣé ìtàn náà, bí àwọn ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ yẹn ló ṣe ń kà á. Màámi ló bá mi tún un ṣe. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ọmọ mi ń sọ ìtàn tó kà fún wọn lórí fóònù. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, nítorí náà kò lè kà á sórí fún wọn, àfi kó yé e kó tó lè sọ ọ́ ní Yorùbá. Wọ́n á sì máa bi í léraléra: "Kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Yorùbá ń ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé kan ní Modákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ yẹn kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Olùkọ́ Pírámárì 3, Ìbàdàn

Ẹ ṣé gan-an, mo dúpẹ́. Lánàá a tún ka ìtàn àgbẹ̀ yẹn. Ọmọkùnrin kan tún kà á sí "ọkọ". Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn: "Àǹtí, kí ni wọ́n á wá fi ro oko?"