Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ sátẹ́láìtì, ẹ wá sọ ohun tójú yín ti rí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Systems analyst ni mí, sátẹ́láìtì kéékèèké là ń ṣe níbi tí mo wà nílùú ọba níbí. Èmi kọ́ ló ń jó wáyà, èmi kọ́ ló ń kọ kóòdù, iṣẹ́ tèmi ni kí n máa béèrè pé tí eléyìí bá bàjẹ́ ńkọ́, ta ló máa kọ́kọ́ mọ̀, kí la lè ṣe sí i látorí ilẹ̀, torí tó bá ti gòkè kò sí mẹkáníìkì tó máa lọ bá a níbẹ̀. Inú tébù gígùn kan, ìyẹn àtẹ onílà, là ń kọ gbogbo ẹ̀ sí.

Ohun tó ń ká mi lára jù ni báwọn èèyàn ṣe máa ń fọkàn balẹ̀ tí wọ́n bá ti rí nǹkan méjì. Wọ́n á ní backup wà. Backup wo? Lọ́jọ́ kan a tẹ́ àwòrán sátẹ́láìtì kan sórí tábìlì, rédíò méjì ló wà lórí ẹ̀, tọ́kan bá dákẹ́ kí èkejì máa bá wa sọ̀rọ̀ lọ. Mo mú bírò, mo tọ ọ̀nà tí iná ń gbà wọ rédíò kìíní padà sẹ́yìn, mo tọ ti èkejì náà, àfi bí wọ́n ṣe pàdé nídìí kònẹ́kítọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ibi tí wáyà ti ń so mọ́ra, kò ju èékánná lọ. Mo ní ẹ wò ó, tí ibí yìí bá mì kúrò láyè ẹ̀ nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ń gbọ̀n, a ò ní rédíò kankan mọ́ nìyẹn. Ọ̀gá tó ya àwòrán yẹn fárígá, ó ní irú kònẹ́kítọ̀ yẹn ò bàjẹ́ lọ́wọ́ òun rí. Àríyànjiyàn yẹn gùn o, kí wọ́n tó gbà láti pín iná náà sí ọ̀nà méjì.

Ẹ rántí Ariane 5 àkọ́kọ́, rọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn ará Yúróòpù, June 4, 1996. Kọ̀ǹpútà méjì ló ń sọ ibi tó dorí kọ fún un, àmọ́ sọ́fítíwià kan náà ló wà nínú méjèèjì, látara Ariane 4, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣáájú ẹ̀, ni wọ́n sì ti kó o wá. Nọ́ńbà kan wá tóbi ju àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un lọ, backup kú, èyí tó ń ṣiṣẹ́ náà kú tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀, kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tó gbéra tó fi fọ́ yángá lókè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìtànṣán (radiation) tó wà lójú òfurufú. Lójú òfurufú tó wà lórí Bràsíl lọ dé orí gúúsù òkun Atlantic, níbi tí wọ́n ń pè ní South Atlantic Anomaly, ìtànṣán pọ̀ níbẹ̀ gan-an, ó lè gba inú mẹ́mórì kọjá kó sọ òdo di oókan. Ìdí nìyẹn tá a fi ń tọ́jú nǹkan kan náà síbi mẹ́ta, ohun tí méjì bá fẹnu kò sí ni kọ̀ǹpútà máa gbà. Àmọ́ tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń gbáná látibì kan náà, ẹ ti mọ ìbéèrè tí mo máa bi yín.

———

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ibi tó ń dùn mí lẹ tọwọ́ bọ̀ yẹn. Nàìjíríà lèmi wà, ìdí díìṣì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwa là ń gba ohun tí sátẹ́láìtì bá sọ kalẹ̀. Ọ̀dọ̀ kọ́ńpìnnì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ti ń ra íntánẹ́ẹ̀tì kó má bàa já, àfi lọ́jọ́ kan táwọn tó ń ṣe títì gbé katapílà dé, wọ́n walẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ìlà méjèèjì já! Àṣé inú kòtò kan náà làwọn kọ́ńpìnnì méjèèjì gba wáyà wọn kọjá. Sátẹ́láìtì ń kọjá lórí wa, díìṣì ń gbọ́ ọ, a ò rí ohun tó sọ fi ránṣẹ́ sẹ́nì kankan. Ní báyìí ọ̀kan gba orí òpó, ìkejì gba abẹ́ ilẹ̀, èmi fúnra mi ni mo rìn tẹ̀lé wáyà yẹn títí dé jáńkíṣọ̀n kó tó dá mi lójú.

Ẹni tó bá sì rántí NigComSat-1, sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀ Nàìjíríà, ò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ iná. 2007 ni wọ́n gbé e lọ sókè láti Ṣáínà, nígbà tó fi máa di November 2008 ó ti tán, ètò iná ẹ̀ ló dà á, December 2011 ni NigComSat-1R tó gòkè láti rọ́pò ẹ̀. Ó kú síbi tó jẹ́ nǹkan bíi 36,000 kìlómítà sókè, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò tó o.

———

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Jámánì ni mo wà, ìhà ààbò ni tèmi. Ẹ ti sọ ti rédíò, ẹ ti sọ ti wáyà, ẹ ò tíì sọ ti modem, ẹ̀rọ tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì látọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, tó wà nílé oníbàárà. February 24, 2022, ọjọ́ tí Rọ́ṣíà ya wọ Ukraine, àwọn kan gba ọ̀nà tí wọ́n fi ń darí modem KA-SAT, sátẹ́láìtì íntánẹ́ẹ̀tì ti kọ́ńpìnnì Viasat, wọlé, wọ́n nu inú wọn nù. Sátẹ́láìtì wà lókè, kò sóhun tó ṣe é, àmọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún modem kú fin-ín. Níbí, nǹkan bíi 5,800 ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná ṣì ń yí, àwọn tó ń bójú tó wọn ò kàn lè rí wọn láti ọ̀nà jíjìn mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn a fi ìlà tuntun sínú tébù tiwa: tí gbogbo modem bá gba àṣẹ burúkú lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Àṣẹ kì í lọ sọ́dọ̀ gbogbo wọn pa pọ̀ mọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ la kọ́kọ́ ń fi ránṣẹ́ sí, a ó dúró kí àwọn yẹn jí padà ná. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń dán irú ẹ̀ wò fún sátẹ́láìtì tó ti wà lókè tẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí, mo nílò ẹ̀ gan-an.