Ta ló ti fi máṣìn dá gba ọ̀nà òkè rí?

Láfẹ́nwá_Bọ́ì: Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ fi máṣìn mi lọ sí Ìdànrè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi nìkan. Mo máa gba Ìbàdàn, Ifẹ̀, Oǹdó. Ẹni tó bá ti dá gba ọ̀nà òkè rí, ẹ jọ̀ọ́, kí lojú yín rí?

Ìyá_Tàwa: Ṣé ìyá ẹ gbọ́?

Bàbá Ìbejì Kútọ̀: Ìdànrè ò le, ọmọ mi. Títì ni títí dé ìdí òkè. Ẹsẹ̀ lo máa fi gun àtẹ̀gùn ibẹ̀, ó sì lé ní 600. Tó bá jẹ́ kọ́nà lo ń wá, Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà sí Ẹ̀fọ̀n ni kó o gbà. Èmi gbà á lásìkò ọyẹ́. Òkè lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì, ọ̀nà ń lọ́, ó tún ń lọ́ padà. Kùrukùru bo gbogbo ẹ̀, agbára káká ni mo fi ń rí táyà iwájú. Bí mo ṣe yọ ní kọ́nà kan báyìí, tírélà sìmẹ́ńtì ń bọ̀, ó gba apá tiẹ̀, ó gba tèmi mọ́ ọn. Mo há sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, mo ń fọn fèrè ṣáá. Ìgbà tí mo dé Ẹ̀fọ̀n, ìyá oníyán ní, "Bàbá, kí ló ń gbọ̀n yín báyìí?" Mo ní òtútù ni. Òtútù wo!

Àbíkẹ́_Adatán: "Òtútù wo!" 😂😂 Bàbá, ẹ ti pa mí.

Ọmọ_Olókè: Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Abẹ́òkúta. Àárọ̀ kùtù lẹ lọ, Bàbá. Tóòrùn bá ti mú, kùrukùru á ká. Ẹ̀yin Ẹ̀gbá ò mọ òkè ju Olúmọ lọ, ìyẹn ni.

Mẹ́ka_Sápọ́n: Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ bùréèkì. Tó o bá ń sọ̀kalẹ̀, má pa ẹ́ńjìnnì kí máṣìn máa yí lọ lófìfo bí àwọn ọlọ́kadà ṣe ń ṣe torí epo. Fi í sí jíà kejì, kí ẹ́ńjìnnì máa fà á sẹ́yìn. Bùréèkì tó bá ti gbóná jù kì í mú mọ́. Kọ́sítọ́mà mi kan dé láti ọ̀nà yẹn, bùréèkì ẹ̀yìn ẹ̀ ti dúdú bí èédú. Yẹ ṣéènì wò náà.

Ìyá_Tàwa: Ajínigbé ńkọ́? Ẹ ń sọ ti bùréèkì.

Bàbá Ìbejì Kútọ̀: Òótọ́ ni. Má jẹ́ kílẹ̀ ṣú bá ọ nínú igbó. Tí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń sún mọ́, wábi sùn.

Òkè_Ògùn_Lèmi: Kí lẹ ń lọ jìnnà fún? Adó-Àwáyè ò jìnnà sọ́dọ̀ yín, ẹ gba Èrúwà. Adágún Ìyákẹ́ wà lórí òkè níbẹ̀, wọ́n ní méjì irú ẹ̀ péré ló wà láyé.

Mẹ́ka_Sápọ́n: Ta ló kà á?

Òkè_Ògùn_Lèmi: Ìwọ lọ kà á.

Àbíkẹ́_Adatán: @Ọmọ_Olókè, mi ò tíì gbàgbé ọ o. Abẹ́ Olúmọ làwọn bàbá wa sá sí nígbà ogun, ibẹ̀ náà ni wọ́n tẹ̀dó sí ní 1830. Òkè tiyín, ta ló gbà là?

Ọmọ_Olókè: Bi àwọn Ìbàdàn léèrè! Láti 1877 tí ogun Kírìjì ti bẹ̀rẹ̀, ṣé wọ́n rí òkè wa gbà kọjá?

Àbíkẹ́_Adatán: Ọ̀rọ̀ máṣìn la ń sọ, o ti gbé ogun dé.

Ọmọ_Olókè: Ta ló kọ́kọ́ dárúkọ ogun? Láfún ló ń gùn yín.

Mẹ́ka_Sápọ́n: Ẹ fi láfún sílẹ̀ o! Òun ni mo jẹ láàárọ̀ yìí, mo sì ti tú ẹ́ńjìnnì méjì palẹ̀.

Láfẹ́nwá_Bọ́ì: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé máṣìn 100cc lè gun Ẹ̀fọ̀n?

Ọmọ_Olókè: Àwọn ọlọ́kadà wa ń fi gbé èèyàn méjì àti àpò iṣu gùn ún lójoojúmọ́. Iṣu tí wọ́n fi ń gúnyán gidi, kì í ṣe láfún.

Bàbá Ìbejì Kútọ̀: Ká sòótọ́, iyán wọn dùn. Abọ́ méjì ni mo jẹ, kí n tó rí ẹsẹ̀ dúró.

Àbíkẹ́_Adatán: Bàbá! Ẹ̀yin náà?