Jíìnì bakitéríà kì í ṣe ogún nìkan

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n wa dábàá mẹ́ta fún ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ: kí bakitéríà, ìyẹn ohun abẹ̀mí tíntín tí ojú lásán kò lè rí, máa jẹ́ "kòkòrò àrùn", kí èyí tó rí bí ọ̀pá máa jẹ́ "ọlọ́pàá", kí jíìnì, ìyẹn apá DNA (èròjà inú ohun abẹ̀mí tó ń gbé ìtọ́ni ìwà rẹ̀) tó ń fa ìwà kan, sì máa jẹ́ "àjogúnbá". Mo mọyì iṣẹ́ wọn gan-an, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀kẹta ló sì ká mi lára jù.

Bakitéríà ló ń mú kí ògì kan. Bacillus subtilis wà lára àwọn tó ń sọ èso igbá di irú. Ṣé a óò wá sọ fún ọmọ iléèwé pé kòkòrò àrùn ló ṣe irú tí ìyá rẹ̀ fi sebẹ̀? "Kòkòrò àrùn" bá àwọn tó ń fa kọ́lẹ́rà àti ikọ́ ife mu. Ẹ jẹ́ kó mọ síbẹ̀, kí bakitéríà máa jẹ́ bakitéríà.

"Ọlọ́pàá" ti ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Àbá tèmi ni "ajọ̀pá" fún onírìísí ọ̀pá, "ajọhóró" fún èyí tó rí roboto, "oníkọ́lọkọ̀lọ" fún èyí tó lọ́. Tí àwọn ajọhóró bá ṣù jọ, kí wọ́n jẹ́ "ajọhóró onídìì". Tí wọ́n bá tò tẹ̀ léra, "ajọhóró atòtẹ̀lé". Mi ò lo "ẹlẹ́wọ̀n" nítorí ìdí kan náà tí mi ò fi lo "ọlọ́pàá".

Ó wá kan "àjogúnbá". Ohun tí òbí fi sílẹ̀ fún ọmọ là ń pè ní ogún. Lóòótọ́, bí bakitéríà tí wọ́n ń pè ní E. coli bá pín sí méjì, èyí tó lè ṣẹlẹ̀ láàárín 20 ìṣẹ́jú tí oúnjẹ bá pọ̀, apá kọ̀ọ̀kan ló ń gba ẹ̀dà DNA. Ogún nìyẹn. Ṣùgbọ́n bakitéríà tún máa ń gba jíìnì lọ́wọ́ aládùúgbò tí kì í ṣe òbí rẹ̀, tó tiẹ̀ lè má jẹ́ ẹ̀yà kan náà. Ọ̀kan á so mọ́ èkejì, á sì fún un ní ẹ̀dà plásímíìdì, ìyẹn DNA kékeré tó dá wà lọ́tọ̀ sí DNA ńlá. Lórí plásímíìdì ni ọ̀pọ̀ jíìnì tí kì í jẹ́ kí oògùn ran bakitéríà mọ́ máa ń wà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yára tàn káàkiri ilé ìwòsàn.

Ní 1928, ní Lọ́ńdọ̀nù, onímọ̀ bakitéríà kan, Frederick Griffith, po òkú bakitéríà òtútù àyà tó ní ìbora mọ́ ààyè èyí tí kò ní, ó sì gún eku pẹ̀lú rẹ̀. Eku kú, ààyè bakitéríà tó ní ìbora ló sì bá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní 1944, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Avery, MacLeod àti McCarty, fi hàn pé DNA ló gbé ìwà níní ìbora yẹn láti ọ̀dọ̀ òkú sí ààyè. Ẹnì kan lè ní ohun tí òkú fi sílẹ̀ ni, nítorí náà ogún ni. Ṣùgbọ́n èyí tó gbà á kì í ṣe ọmọ òkú náà! Ó ti wà láyè ara rẹ̀ kó tó gbà á.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí jíìnì máa jẹ́ jíìnì. Èyí tó tọ́wọ́ òbí wá ni kó jẹ́ "àjogúnbá". Èyí tó tọ́wọ́ aládùúgbò wá, mo pè é ní "àgbàkún". "Àbùdá" tí àwọn kan dábàá náà dára fún ìwà tó hàn síta, kì í ṣe fún apá DNA tó fa ìwà náà.

Ẹnì kan tún béèrè nípa ọ̀nà tí Hans Christian Gram gbé jáde ní 1884 láti fi aró ya bakitéríà sí oríṣi méjì. A óò fi aró àlùkò kun bakitéríà, a óò fi áyódíìnì tẹ̀ lé e, a óò wá fi ọtí líle ṣàn án. Èyí tí ògiri rẹ̀ nípọn á di aró mú. Ti ẹlẹ́gẹ́ ògiri á ṣàn dànù. Mo dábàá "agbaró" àti "aláìgbaró".